Ẹ Kú Iṣẹ́ Tí Mo Dáhùn

Bí ènìyàn bá ní òun ń gbé ní òkèèrè, òtútù àti yìnyín ni àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ń retí. Mi ò mọ yìnyín. Àkúrẹ́ ni òkèèrè tèmi. Lẹ́yìn bọ́dà ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan nítòsí Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń fi Faransé ka ìwé, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá bú ara wọn tí wọ́n bá ti jáde síta. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, ìyá mi ò sunkún. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbọ́ èdè rẹ lò ń lọ. Kí ló wá kù?" Èmi náà gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ibi iṣẹ́ ni ojú mi là. Ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́ta kan ni wọ́n ń kọ́. Ọkùnrin kan tó ń to búlọ́ọ̀kù wo àpò irinṣẹ́ mi, ó ní, "Uṣẹ́ kí lo mọ̀?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń pè ní uṣẹ́. Mo ní, "Káró ni mò ń ṣe, sà." Ẹnu àwọn Faransé ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ wa, táìsì là ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè wo oòrùn, ó tún wo èmi. Ó ní, "Káàárọ̀? Ọ̀sán ti pọ́n gan-gan, ìwọ ń kí wa káàárọ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé orí símẹ́ǹtì.

Láti ọjọ́ náà lọ, Káàárọ̀ ni orúkọ mi. Ìyá tó ń ta gààrì lẹ́nu géètì pàápàá, Káàárọ̀ ló ń pè mí. Mo bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹni tí kò bá dáhùn kì í rí ẹran nínú ọbẹ̀, mo bá ń dáhùn.

Ọkùnrin tó sọ mí lórúkọ yẹn ni Bàbá Fúnkẹ́, ọ̀gá àwọn bíríkìlà ibẹ̀. Ìgbàrà-Òkè ló ń gbé, bọ́ọ̀sì ló máa ń wọ̀ wá láràárọ̀. Ó fẹ́ràn àwàdà, ṣùgbọ́n òun ló bá mi wá yàrá, òun ló sọ fún onílé pé kó má fi ojú àlejò gbówó lọ́wọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ a máa di iyán sínú ewé fún un. Tó bá tú u, á ya díẹ̀, á sún un sọ́dọ̀ mi láìwo ojú mi. Ìwà tó ń mú kí ènìyàn fẹ́ sunkún nìyẹn, pàápàá tí ènìyàn bá ti pẹ́ tí kò jẹun pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ara mi kì í balẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Yàrá mẹ́ta ni mo gbé láàárín ọdún kìíní. Ọ̀kan ń jò, ọ̀kan ní ariwo, ẹ̀kẹta ò ní àléébù kankan, mo kàn kó jáde níbẹ̀ ni. Ohun tó ń dà mí láàmú ò ṣe é tọ́ka sí. Màá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, á wá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ Yorùbá lọ́hùn-ún ni?" Kí wá ni mo ti ń fi bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀? Tí mo bá sì pe ilé, Ìdòwú àbúrò mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ará ibẹ̀ o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe iṣẹ́ ní uṣẹ́." Ará ibo ni mo wá jẹ́? Mo máa ń rìn kiri lọ́jọ́ Sunday, láti Ọjà Ọba dé Alágbàka, mi ò ra nǹkan kan, mi ò wá ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi kì í béèrè irú ìyẹn. Tirẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ṣé mo ti jẹun, ṣé mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé wọn ò fìyà jẹ mí. Mo máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, rárá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo sọ ohun tó jọ ayọ̀ fún un. Mo parí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ńlá kan, Ẹnjiníà tó gba iṣẹ́ náà gbé bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ ní àárín rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ò yí síbì kankan. Ẹnjiníà wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wá wo iṣẹ́." Fóònù mi ti bàjẹ́ lásìkò náà, ó fún mi ní tirẹ̀ kí n fi pe ilé. Ìdòwú ló gbé e, èmi àti ìyá mi jọ pariwo lórí bọ́ọ̀lù tí kò yí.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ tó wà lórí epo bẹntiróòlù. Lórí rédíò, wọ́n ní ìrora ìgbà díẹ̀ ni, kí mẹ̀kúnnù fara dà á, ọ̀la ń bọ̀ wá dára. Owó bọ́ọ̀sì láti Ìgbàrà-Òkè fò sókè, ó tún fò. Gààrì tẹ̀ lé e. Owó iṣẹ́ wa nìkan ni kò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bàbá Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, á fẹsẹ̀ rin ìyókù, á dé pẹ̀lú eruku dé orúnkún. Iyán inú ewé náà kéré, ó wá di àkàrà, nígbà tó yá kò sí ewé mọ́. Lọ́sẹ̀ kan náà yẹn ni Ẹnjiníà gbé jíìpù tuntun wá. Gbogbo wa wò ó.

Bàbá Fúnkẹ́ kó wa jọ lẹ́yìn àká símẹ́ǹtì. Ó ní a ò ní jà, a ò ní pariwo. A ó wá láàárọ̀ bí ìṣe wa, a ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, a ò ní fọwọ́ kan irinṣẹ́ títí wọn ó fi fi kún owó wa. Ó wá sọ ọ̀kan tí mo rò pé mo gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Tó bá dé, á kí wa ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ẹ kú iṣẹ́ ti gbà pé òun ń ṣiṣẹ́." A rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ṣàwàdà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa jókòó. Jíìpù wọlé, Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀, ó wò wá láti ìkángun dé ìkángun. Àgbàlagbà ni, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Nílé wa, tí àgbà bá kí ọ tí o kò dáhùn, ìgbájú ló máa bá ọ dáhùn. Bàbá mi lè gbàgbé orúkọ ọmọ, kò ní gbàgbé ìkíni. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là, mo ní, "O o, ẹ ṣé, sà. Ẹ kú àbọ̀."

Ẹyin lohùn. Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Káàárọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀! Káàárọ̀, dìde, mú irinṣẹ́ rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀, kó dìde. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, géètì ṣí sílẹ̀." Mo wo Bàbá Fúnkẹ́. Kò wò mí. Mo nawọ́ sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, mo gbé e, mo wọlé. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan dìde, tí ẹnì kejì dìde. Ní ọ̀sán, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àfi Bàbá Fúnkẹ́, tó ti gba ẹnu géètì lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kí àwọn tó kù, wọn kì í dá mi lóhùn. Wọ́n ti dìde tẹ̀ lé mi o, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n bínú sí. Mo lè bú wọn, mo sì bú wọn nínú yàrá mi dáadáa. Ìyá mi bi mí lórí fóònù pé ṣé wọn ò fìyà jẹ mí, mo ní rárá. Irọ́ kìíní tí mo pa fún un nìyẹn.

Ẹnjiníà sọ mí di olórí àwọn tó ń lẹ táìsì, ó sì gbé mi lọ sí Oǹdó. Ilé ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn ńlá ńlá tó máa ń wí lórí rédíò pé kí a fara dà á ni a ń kọ́ níbẹ̀. Balùwẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju yàrá tí mo ń gbé lọ. Táìsì ibẹ̀ ti òkè òkun wá nínú àpótí pákó, wọ́n fi fóòmù wé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyin. Èdè ibẹ̀ tún le jù; tí àwọn ará Oǹdó bá bẹ̀rẹ̀ tiwọn láàárín ara wọn, màá kàn máa wo ẹnu wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀, obìnrin tó ń ru iyanrìn, ló máa ń fi Yorùbá ilé ìwé ṣàlàyé fún mi. Ó ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ń ru iyanrìn gun àtẹ̀gùn, ó sì ń kọrin. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló ń rù, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Mo ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oúnjẹ ò sì dùn lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ Wednesday kan, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbàrà-Òkè láti lọ bẹ Bàbá Fúnkẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí nílé, ó ti lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe ìwọ́de níbẹ̀ nítorí ìyà tó ń jẹ ìlú. Mo yí padà, mo wá a lọ.

Mo bá a láàárín èrò lójú títì, ó gbé páálí kan sókè tí wọ́n kọ EBI Ń PA WÁ sí. Ara rẹ̀ ti gbẹ. Ó rí mi, ó ní, "Ìwọ Káàárọ̀, kí ni àlejò ń wá níbí? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mú ọ ni?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni mò ń wá," mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà.

Ó ní, "Dìde kíá, wọ́n á tẹ̀ ọ́ pa."

Mo dìde. A jọ ń rìn, nítorí kò sáyè láti dúró. Mo ṣàlàyé pé ìkíni náà já bọ́ lẹ́nu mi ni, pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Pé o dáhùn ò dùn mí. Ọmọ tí a kọ́ ni ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí o dáhùn tán, ìwọ lo nawọ́ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

Ó gbé páálí rẹ̀ sọ́wọ́ kejì. Ó ní, "Mo ti forí jì ọ́, máa lọ. Ọjọ́ mìíràn ń bọ̀, ìyà yìí ò tíì tán. Tó bá dé, jókòó."

Ọjọ́ náà ò pẹ́. Ní Oǹdó, Ẹnjiníà pè wá jọ, ó ní onílé sọ pé nǹkan le, nítorí náà a ó dín owó ojúmọ́ wa kù. Kì í ṣe pé kò fi kún un o, ó fẹ́ dín in. Ọkọ̀ tó kó àpótí táìsì òkè òkun mìíràn wá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò tíì já a tán. Ìyá Bọ́sẹ̀ ju àwo iyanrìn sílẹ̀. Ó bọ́ sí iwájú géètì lóde, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀, ó jókòó lé e. Àwọn lébìrà tẹ̀ lé e, àwọn bíríkìlà tẹ̀ lé wọn. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá táìsì, ìwọ ńkọ́?"

Ẹnjiníà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ìwọ kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Ìwé tí o fi ń gbé ibí, èmi ni mo bá ọ ṣe é. Fi wọ́n sílẹ̀. Pe àwọn ará ilé rẹ wá, mẹ́wàá péré, ìwọ ni olórí wọn." Ẹ̀rù bà mí gidigidi, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo jáde, mo lọ jókòó.

Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi jókòó. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń se ẹ̀wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo, a ń fi ṣíbí mẹ́rin yí i ká. Ó dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo ti jẹ ní Oǹdó lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, ó wù mí kí n wà níbi tí mo wà.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni Ìdòwú pè mí. Inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ̀gbọ́n, Ẹnjiníà yín pè mí o! Ó ní nọ́ńbà mi wà lórí fóònù òun láti ìjọ́un tí ẹ fi pe ilé. Ó ní kí n kó ènìyàn mẹ́sàn-án mọ́ra, òun á rán bọ́ọ̀sì."

Mo ní, "Má wá."

"Kí lẹ wí?"

"A yan iṣẹ́ lódì. Tí ẹ bá wá, ẹ̀yin ni wọ́n máa fi lé wa lọ."

Ọdún méjì ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun wá. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ kí n tó kúrò nílé, kò sì sí ilé tuntun lágbègbè wa tó máa lo iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ọdún mẹ́rin lẹ ti ń jẹun. Ìgbà tó wá kàn mí lẹ fẹ́ kọ́ mi láàwẹ̀."

Mo ní owó tí wọ́n máa san fún un kò ní tó o jẹ. Ó ní èyí tí kò ní tó yẹn sàn ju òfo lọ. Mo pariwo mọ́ ọn, òun náà pariwo mọ́ mi, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí a ti bí i. Ó pa fóònù. Mo rìn yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún padà wá jókòó.

Bọ́ọ̀sì náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà. Àwọn ọlọ́pàá méjì wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé wa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oorun ọ̀nà ṣì wà lójú wọn. Ìdòwú ló gbẹ̀yìn. Ó ti ga sí i, ó dá irùngbọ̀n sí. Ó rí mi nílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku níbẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn. Mo fẹ́ mú un lápá kí n fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò ṣe é. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, èmi gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ìyá ní kí n kí yín." Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó wọlé.

Ìyá Bọ́sẹ̀ bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi." Gbogbo wọn yí ojú sí mi, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò: pé mo máa dìde báyìí. Ó wù mí kí n dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú. Ìyá Bọ́sẹ̀ sún mọ́ mi lórí ìborùn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ìgétáìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé. Mo mọ ọwọ́ tó ń gé e. Kì í já a lẹ́ẹ̀kan náà, á kọ́kọ́ fi ẹnu ẹ̀rọ kàn án, á sinmi, á wá gé e lọ tààrà.

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni.

"Ṣé Ìdòwú ti dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Ó ti dé, Ìyá."

"Ẹ sì jọ wà níbi iṣẹ́?"

Mo wo géètì. "A jọ wà níbi iṣẹ́."

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Ọkàn mi wá balẹ̀. Fún un ní fóònù, jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

"Ọwọ́ rẹ̀ dí, Ìyá."

"Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Òun nìyẹn. Òun lẹ ń gbọ́ yẹn."

Ó tẹ́tí sí i. Ó ní ó dára, pé iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa.